Kí ẹ tó gbé àdá wọ itẹ́ òkú àtijọ́ àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Virginia, Maryland, Georgia, Texas àti gbogbo ibi tí Yorùbá wọ̀ sí ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí itẹ́ òkú àtijọ́ kan wà nítòsí ilé yín tí ẹ ń wa mọ́tò kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ó lè jẹ́ igbó kékeré tó ṣẹ́kù láàárín ilé tuntun méjì, ó lè wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó sì lè wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Nítòsí Richmond ní Virginia ni èmi ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, àárọ̀ Sátidé ni mo sì máa ń bá àwọn tó ń tún itẹ́ òkú àwọn adúláwọ̀ ṣe ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú ìjọ wa ti ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù ni pé ojú ni ẹ óò kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà etí, ọwọ́ ló kẹ́yìn. Ohun tí igbó kò lè bà jẹ́ láti ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó bá fi ìtara gbé àdá wọlé lè bà á jẹ́ láàárín wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé. Ní Richmond níbí, ní 1891 ni wọ́n dá itẹ́ òkú Evergreen sílẹ̀, itẹ́ East End tẹ̀lé e ní 1897. Nígbà náà, wọn kì í sin adúláwọ̀ sí àárín òyìnbó. Evergreen ni wọ́n ń sin àwọn èèyàn ńlá inú wọn sí. Ibẹ̀ ni Maggie Walker wà, obìnrin tó dá báńkì St. Luke Penny Savings sílẹ̀ ní 1903, tó sì kú ní 1934. Ibẹ̀ náà ni John Mitchell wà, ẹni tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Richmond Planet láti 1884 títí ó fi kú ní 1929. Síbẹ̀, ìtàkùn bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, igi hù láàárín sàréè, àwọn aláìníláárí da táyà àti pàǹtírí síbẹ̀.

Kò sí owó ìtọ́jú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ń tún ojú oórì tirẹ̀ ṣe, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dáwó ìsìnkú sí ló sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣí lọ sí Philadelphia, New York àti Chicago nítorí ìyà àti àìríṣẹ́ ṣe, tí àwọn ẹgbẹ́ náà sì tú ká, kò sí ẹni tí yóò gé koríko mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀ ti ń sanwó ìtọ́jú sàréè àwọn sójà Confederate, àwọn tó ja ogun abẹ́lé kí oko ẹrú má baà parẹ́, láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ọdún 2017 ni wọ́n tó ṣòfin pé kí irú owó bẹ́ẹ̀ kan Evergreen àti East End. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé àwọn èèyàn yìí ló pa òkú wọn tì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará wa, ó sì máa ń dùn mí. Àwọn tó mọ̀ pé ilé bàbá àwọn ni wọ́n sin bàbá sí, tí wọ́n ń jókòó sórí sìmẹ́ńtì ojú oórì rẹ̀ jẹ àgbàdo nígbà èwe bíi tèmi, kò yẹ kí wọ́n yára dá ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé lẹ́jọ́.

Onílẹ̀ àti olókùú

Ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ni òkú kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹ wá àwọn méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Onílẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì káńtì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, tàbí kí ẹ ṣí máàpù owó orí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ káńtì ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ ibi tí itẹ́ náà wà. Orúkọ tí yóò jáde lè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti tú ká, tàbí ti ẹgbẹ́ ìsìnkú tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn ti kú tipẹ́, tàbí ti ilé iṣẹ́ kan tó ra odindi oko tí itẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ìwé ilẹ̀ náà padà sẹ́yìn, láti ọwọ́ ẹni tó ni ín báyìí dé ọwọ́ ẹni tó tà á fún un, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, ẹ lè bá gbólóhùn kúkúrú kan pé ẹni tó ta ilẹ̀ yọ ibi ìsìnkú sílẹ̀ nínú ohun tó tà. Bí ẹ bá rí i, ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀.

Virginia ní òfin kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 57-27.1, tó sọ pé ẹni tí sàréè wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹbí àti ìran olóògbé wọlé láti bẹ ojú oórì wò àti láti tún un ṣe, kó sì gba àwọn tó ń ṣèwádìí ìran láyè pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti sọ fún un ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ẹbí, ẹ má fi òfin ẹbí bojú. Ẹ gba ìwé àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ìwé náà sì sọ ohun tí ẹ lè ṣe: wíwọlé, gígé ewéko, gígé igi, fífọ òkúta. Òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹ yẹ ti ibi tí ẹ ń gbé wò.

Ní ti olókùú, ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi wá wọn. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì adúláwọ̀ tó pẹ́ jù ní àdúgbò náà, ẹ jókòó gbọ́ ìsìn tán, lẹ́yìn náà kí ẹ wá kí pásítọ̀ àti akọ̀wé. Ẹ bèèrè àwọn àgbà obìnrin. Ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn adúláwọ̀ tó ń bójú tó ìsìnkú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ní ìwé ńlá tí bàbá bàbá wọn fi ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀. Ẹ má gbé fọ́ọ̀mù dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi wá, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ tiwọn.

Màmá àgbà kan wà tí a gbé lọ sí ọ̀kan nínú àwọn itẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú. Orí àga ni màmá jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà, torí ẹsẹ̀ kò gbé e wọ igbó. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí abẹ́ igi óòkù kan, ó ní, "Àwọn ọmọ ọwọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn. Kò sí òkúta kankan, ṣùgbọ́n àwọn ni." Ọ̀kan nínú àwa tó ń ṣiṣẹ́ ti fẹ́ wú àwọn òdòdó yẹ́lò tó hù wọ́nranwọ̀nran níbẹ̀. Màmá ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ìyá mi ló gbìn ín." Bí a bá lo ẹ̀rọ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìlà odindi sàréè àwọn ọmọ náà ì bá ti parẹ́, kò sì sí ìwé kankan tí a fi lè dá a padà.

Bí àwọn ìran olókùú bá ní kí ẹ má ṣe nǹkan kan, ẹ má ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró dìgbà tí àwọn bá ṣèpàdé, ẹ dúró. Ọmọ onílẹ̀ ní í tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì ní í tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì. Àjèjì ni wá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa jọra.

Bí ẹ óò ṣe mọ sàréè tí kò ní òkúta

Láti December sí ìbẹ̀rẹ̀ March ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Ewé ti wọ́, ejò ti sùn, eégbọn kò pọ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlẹ̀, tó fi jẹ́ pé kòtò tó jìn díẹ̀ báyìí yóò ju òjìji sílẹ̀. Ẹ rìn wọ inú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ fi àsíá kékeré olówó pọ́ọ́kú sí gbogbo ohun tí ẹ bá fura sí, ẹ ya fọ́tò, kí fóònù yín sì kọ ibi tí ó wà sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má gé nǹkan kan.

Kòtò gbọọrọ tó gùn tó ènìyàn ni àmì àkọ́kọ́. Nígbà tí pósí igi bá jẹrà, ilẹ̀ orí rẹ̀ máa ń rì. Ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ òkú sí, orí ní ìwọ̀, ẹsẹ̀ ní ìlà. Bí ẹ bá rí kòtò mẹ́ta mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn, tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, kì í ṣe omi òjò ló gbẹ́ wọn. Ẹ wo òkúta inú oko tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóòró, ọ̀kan níbi orí, èyí tó kéré níbi ẹsẹ̀. Wọn kì í ní lẹ́tà kankan lára, òkúta orí sàréè sì ni wọ́n bákan náà.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n gbìn. Periwinkle, ewéko kékeré tó ń rá lórí ilẹ̀ tí kì í wọ́ nígbà òtútù, pọ̀ lórí sàréè àtijọ́ débi pé ibi tí ẹ bá ti rí i tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín igbó, ẹ dúró. Yucca pẹ̀lú, èyí tí ewé rẹ̀ mú ṣóṣóró, àti igi kédárì tí wọ́n gbìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Igi tó dá hù ń hù káàkiri ni, èyí tí ènìyàn gbìn máa ń tò.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ohun tí ojú tí kò mọ̀ yóò pè ní pàǹtírí: àwo fífọ́, ìgò, ìkarahun òkun, àtùpà, aago tó ti kú, ife, dígí. Àwọn adúláwọ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà máa ń to àwọn nǹkan tí olóògbé lò kẹ́yìn sórí sàréè rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fọ́ wọn ní ìmọ̀ọ́mọ̀ fọ́. Àwọn onímọ̀ so àṣà yìí mọ́ àwọn ará Kóńgò jù lọ, nítorí náà ẹ má máa yára sọ pé ti Yorùbá ni. Ẹgbẹ́ kan tó wá ran itẹ́ kan lọ́wọ́ kó irú àpáàdì wọ̀nyí sínú báàgì ìdọ̀tí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì gbé e lọ sí àkìtàn pẹ̀lú ọkàn rere. Sàréè tí àwọn àpáàdì náà sàmì sí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ohunkóhun tó bá wà lórí ilẹ̀ ní itẹ́ òkú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Agolo bíà tuntun àti táyà nìkan ni kí ẹ gbé, ìyẹn náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ má gbẹ́lẹ̀. Ẹ má gún irin wọ ilẹ̀ láti wá pósí. Bí owó bá wà, ẹ̀rọ rédà tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ wà, tí wọ́n ń tì bí ọmọlanke, ó sì ń fi ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ rí hàn. Ẹ wá onímọ̀ tó mọ̀ ọ́n lò, nítorí gbòǹgbò igi àti òkúta lè tan ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Gígé igbó

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìtàkùn tó bá gun òkúta, ẹ má fà á. Ẹ gé e nídìí, ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ títí yóò fi já fúnra rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú òkúta, bí ẹ bá fà á yóò bá lẹ́tà jáde. Igi kékeré, ẹ gé e sún mọ́ ilẹ̀, ẹ má hú gbòǹgbò rẹ̀, ẹ kò mọ ohun tí gbòǹgbò náà gbá mú. Igi ńlá jẹ́ ti àwọn tó mọṣẹ́ tí wọ́n sì ní ìwé ìdójútòfò. Ẹ̀rọ tó ń fi okùn rọ́bà gé koríko kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òkúta. Ọwọ́ àti ṣíṣọ́ọ̀sì ni ẹ óò fi gé ti ìdí rẹ̀. Oògùn apakóríko ní iyọ̀ nínú, òkúta ń fà á mu, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà. Katakata kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá, bó ti wù kí ẹni tó ni ín ní ọkàn tó dára tó.

Ẹ wọ bàtà tó ga àti ṣòkòtò gígùn. Ewé májèlé kan wà tí wọ́n ń pè ní poison ivy, ewé mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń yọ, ó ń bó ènìyàn lára nígbà òtútù pàápàá nígbà tí ewé kò sí lórí rẹ̀. Mo ti tọ́jú ẹni tó sun ún níná tí èéfín rẹ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ má sun ún.

Fífọ òkúta

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ó yẹ kí ẹ fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ fi ìka kan òkúta náà. Bí ó bá ń já lulẹ̀ bí iyọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rọra kàn án tí ó ń dún bí ohun tó ṣófo, tàbí tí ó sán, tàbí tí ó ń mì nídìí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ohun tó wà lára rẹ̀, ó tó.

Èyí tó bá le dáadáa, omi ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé omi púpọ̀ dání, nítorí ọ̀pọ̀ itẹ́ kò ní ẹ̀rọ omi. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i kí òkúta mu ún yó. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò, èyí tí ẹ lè fi fọ ojú mọ́tò láìha ọ̀dà. Láti ìsàlẹ̀ ni ẹ óò ti máa fọ̀ ọ́ lọ sókè, kí omi ìdọ̀tí má baà fa ìlà sára ibi tó gbẹ. Ẹ máa ṣan án léraléra. Ìdọ̀tí tó bá le jù, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tàbí ike ha á, ẹ má fi irin. Bí omi nìkan kò bá ká a, ohun tí àwọn amọṣẹ́ ń lò ni oògùn ìfọ̀kúta kan tí wọ́n ń pè ní D/2, tí wọ́n fi ń fọ òkúta àwọn sójà pẹ̀lú. Ẹ wọ́n ọn sí i, ẹ fọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ ṣan án, ẹ lọ sílé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òjò àti oòrùn á parí iṣẹ́ náà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi Hypo àti Jik sílẹ̀ nílé. Bílíìṣì ń fi iyọ̀ sínú òkúta, yóò funfun lónìí, yóò máa já lulẹ̀ ní ọdún díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi, èyí tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, ń gé ojú òkúta kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ń ha á. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì, ìyẹ̀fun tàbí ọṣẹ ìfárùngbọ̀n kun lẹ́tà kí ó lè hàn nínú fọ́tò. Ẹ má fọ òkúta nígbà tí òtútù ń bọ̀ tí yóò mú omi dì, torí omi tó dì nínú òkúta ń là á.

Láti ka lẹ́tà tó ti parẹ́, dígí ni. Kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gba oòrùn sójú dígí gbọọrọ, kó sì ju ìmọ́lẹ̀ náà sí ojú òkúta láti ẹ̀gbẹ́. Tọ́ọ̀ṣì ń ṣe iṣẹ́ kan náà nírọ̀lẹ́. Báyìí ni a ṣe ka òkúta sìmẹ́ńtì kan tí gbogbo wa rò pé kò ní nǹkan lára. Ẹni tó ṣe é ti fi ìṣó kọ̀wé sára sìmẹ́ńtì nígbà tó ṣì tutù: "MOTHER", lábẹ́ rẹ̀ ọdún 1931, àti orúkọ kan tí lẹ́tà N inú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú. Ipa ọwọ́ rẹ̀ wà ní etí sìmẹ́ńtì níbi tó ti di pátákó mú. Irú òkúta àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní itẹ́ àwọn adúláwọ̀, nítorí owó mábù kò sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò fi tuntun rọ́pò. Bí ẹbí bá fẹ́ òkúta tuntun, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Níbi tí orúkọ wà

Òkúta kò pọ̀ tó òkú. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ orúkọ wà. Ní Virginia, láti 1912 ni wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀rí ikú ní gbogbo ìpínlẹ̀, ibi tí wọ́n sin olóògbé sí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà púpọ̀. FamilySearch, ìkànnì ìwádìí ìran kan, ń fi irú ìwé báyìí hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá orúkọ itẹ́ náà, kí ẹ sì mọ̀ pé itẹ́ kan lè ní orúkọ mẹ́ta.

Ètò ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní 1850 àti 1860, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ nìkan ni wọ́n kọ fún wọn, lábẹ́ orúkọ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olówó wọn. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ní oríkì nílé tí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní "obìnrin, 30, dúdú". Ìwé Freedman's Bank, báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú, láti 1865 sí 1874, dára púpọ̀ nítorí pé ẹni tó bá ṣí àkáǹtì máa ń dárúkọ àwọn ará ilé rẹ̀. Richmond Planet wà lórí ìkànnì Chronicling America ti Library of Congress, ẹ lè tẹ orúkọ sí i kí ẹ ka ìròyìn ìsìnkú. Bí ẹ bá rí òkúta tí wọ́n gbẹ́ "U.S.C.T." sí, sójà adúláwọ̀ tó jà nínú ogun abẹ́lé lòdì sí oko ẹrú ni. Bí òkúta sójà bẹ́ẹ̀ bá ti sọnù, ìjọba àpapọ̀ ń fúnni ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè béèrè fún ti ẹni tó ṣiṣẹ́ ológun kó tó di April 1917, bí ìwé ẹ̀rí bá wà.

Ẹ jẹ́ kí ìjọba mọ̀ ọ́n

Itẹ́ tí kò sí lórí máàpù ni wọ́n ń kọ́lé lé. Ní New York ní 1991, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń gbẹ́lẹ̀ ilé ọ́fíìsì ní Broadway, wọ́n kan itẹ́ àwọn adúláwọ̀ tó ti wà láti ọ̀rúndún 17, tí wọ́n sì ń lò títí di ìparí ọ̀rúndún 18. Wọ́n gbé òkú 419 jáde kí àwọn adúláwọ̀ ìlú náà tó fi ariwo àti ẹ̀hónú dá iṣẹ́ náà dúró. Wọ́n fojú díwọ̀n pé nǹkan bí 15,000 ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan wà nínú wọn tí ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ní 2003 ni wọ́n tún wọn sin, ní 2006 ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní Sugar Land, Texas, Reginald Moore ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òkú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n yá fún àwọn olóko ìrèké wà nílẹ̀ yẹn. Ní 2018, àwọn tó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ hú òkú 95. Ní Tampa, Florida, wọ́n kọ́ ilé gbígbé ìjọba lé itẹ́ òkú Zion Cemetery ti 1901 lórí, 2019 ni wọ́n tó tún un rí.

Nítorí náà, ẹ fi fọ́tò, máàpù àti orúkọ tí ẹ kó jọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ẹ fi ẹ̀dà fún ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé ní káńtì, kí ààlà itẹ́ náà wọ inú máàpù wọn. Bí owó tàbí àṣẹ ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú iṣẹ́ ìkọ́lé kan, Section 106 ti òfin 1966 tó wà fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sọ pé kí wọ́n gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yẹ̀ wò ṣáájú, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ wà lára àwọn tí wọn yóò máa pè. Òfin 1990 tó dáàbò bo egungun àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kò kan ti adúláwọ̀, ẹ má gbára lé e. Ní December 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó fi ètò ìrànwọ́ fún itẹ́ àwọn adúláwọ̀ sí abẹ́ National Park Service, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọgbà àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin náà gba mílíọ̀nù 3 dọ́là láyè lọ́dún, ṣùgbọ́n Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ yọ owó náà sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ ìlú tí ẹ ń dìbò, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín lórí èyí.

Bí egungun bá yọ sójú ilẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ náà àti àwọn ìran olókùú.

Tiwa nínú rẹ̀

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló kàn wá. Ní Mobile, Alabama, ní itẹ́ Old Plateau tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, ni sàréè Cudjo Lewis wà. Kọ́sọ́lá ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òní. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda tó ń kó ẹrú ló gbé e dé Alabama ní 1860, ó kú ní 1935 láìfojú kan ilé mọ́. Àwọn ará wa wà nínú ilẹ̀ yìí, àwọn tí kì í ṣe tiwa náà sì wà níbẹ̀, oko kan náà ló pa gbogbo wọn.

Ní Charleston, South Carolina, níbi tí wọ́n ti kan òkú adúláwọ̀ 36 ní 2013 nígbà tí wọ́n ń tún gbọ̀ngàn Gaillard kọ́, olóògbé Ade Ofunniyin àti ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gullah Society kó àwọn ará ìlú jọ, wọ́n sì ṣe ìsọmọlórúkọ fún àwọn 36 náà ní 2019 kí wọ́n tó tún wọn sin. Àṣà Yorùbá wà nínú ètò ọjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé àwọn ará Charleston fúnra wọn ló pe àṣà náà wọlé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé. Bí ẹ bá fẹ́ ta omi sílẹ̀, tàbí ki oríkì, ẹ béèrè kọ́kọ́. Onítẹ̀bọmi paraku ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú sàréè wọ̀nyí, orin ìyìn àti àdúrà ni àwọn ọmọ wọn fẹ́. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ ṣe tiyín, ẹ ṣe é dáadáa.

Ohun tí mo rí pé wọ́n nílò jù lọ́wọ́ wa ni kí a máa wá. Ọjọ́ kan lọ́dún tí a kó èrò jọ ya fọ́tò kò ṣe púpọ̀. Periwinkle yóò wà níbẹ̀, ìtàkùn á tún padà wá kí oṣù kẹfà tó pé. Ẹ mú ìlà sàréè kan, kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ẹni tí ẹbí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bá fi ṣe olórí. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ nínú ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìkàwé àdúgbò àti nílé yín. Bí ìjì ńlá bá jà, ẹ lọ wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Bí igi bá wó lu òkúta, ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan àpáàdì rẹ̀ níbi tó bọ́ sí, ẹ pe akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì dúró kí ó dáhùn kí ẹ tó gbé ẹ̀ka kan kúrò.